2G, 3G, 4G àbí 5G: Èwo ló yẹ kí ẹ náwó lé?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi owó gọbọi ra fóònù 5G, síbẹ̀ tí wọ́n bá délé, 3G ni wọ́n ń rí. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí ní Nàìjíríà. "Ìran" ni lẹ́tà G yẹn dúró fún. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni àbúrò pátápátá, òun náà ló sì máa ń yára jù.

2G: Òun ni GSM gbé dé lọ́dún 2001. Ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ àti kóòdù báńkì tó ń lo * àti # ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fojú di í o. Fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì, tí màmá fi ń pè wá láti abúlé, 2G ló sábà máa ń lò.

3G: Ọdún 2007 ni NCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, fún àwọn iléeṣẹ́ níwèé àṣẹ rẹ̀. WhatsApp á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, àmọ́ fídíò á máa lọ, á máa dúró.

4G: Ìbàdàn ni Smile ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lọ́dún 2013, kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó tẹ̀lé e. Fídíò, kíláàsì orí Zoom, ọjà títà lórí Instagram, gbogbo ẹ̀ ló lè gbé.

5G: Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, MTN àti Mafab gba ìgbì afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù 273.6 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. MTN bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022, Airtel náà dé lọ́dún 2023. Ó yára gan-an, àmọ́ ìgbì 3.5GHz tó ń lò kì í rìn jìnnà, ògiri sì máa ń dí i lọ́wọ́. Ó nílò òpó púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ìlú ńlá ló pọ̀ sí.

Kí ẹ tó sanwó

1. Ẹ yá fóònù 5G ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ fi dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò nínú yàrá yín àti níbi iṣẹ́, pàápàá lálẹ́ tí èrò máa ń pọ̀ lórí ẹ̀.
2. Tó bá jẹ́ fóònù tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ béèrè àwọn band tó ń gbà, torí tibẹ̀ àti tibí ò fi bẹ́ẹ̀ bára mu. Fún 5G, n78 ni kí ẹ wá. Ẹ tún rí i dájú pé wọn ò tì í mọ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo.
3. Síìmù àtijọ́ tí kò gba 4G, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà. Ẹ mú NIN dání. Nọ́ńbà yín ò ní yí padà.

Ṣé 5G ń jẹ dátà?

1GB ni 1GB ń jẹ́. Àmọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yára, YouTube lè gbé àwòrán tó mọ́ jù wá fúnra rẹ̀, dátà á sì tètè tán. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Quality" sí, kí ẹ fi sí 480p.

Tí 4G bá ń parẹ́ nígbà ìpè

Kì í ṣe pé fóònù ti bàjẹ́. Tí kò bá ní VoLTE, ìyẹn ìpè orí 4G, ó gbọ́dọ̀ padà sí 3G tàbí 2G kó tó lè gbé ìpè. Torí náà, ẹ má fi sí "4G only", ìpè lè má wọlé mọ́. Tí 5G bá ń wá tó tún ń lọ, tí bátìrì sì ń tètè kú, ẹ yan "LTE/3G/2G" nínú sẹ́tíńsì.

Ní tèmi o, ẹni tí 4G bá dúró dáadáa níbi tó ń gbé kò tíì nílò láti jẹ gbèsè nítorí 5G. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra dátà.