Áàpù Ìtura fún Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Láti Ilé

Áàpù ìtura ni ètò orí fóònù tó ń bá èèyàn dín másùnmáwo kù. Ó ń kọ́ni ní mímí, ìfarabalẹ̀ àti ọ̀nà àtisùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò gba oorun lójú rẹ̀, àti òṣìṣẹ́ tí yàrá rẹ̀ di ọ́fíìsì láti ìgbà Kòrónà ọdún 2020, wà lára àwọn tí wọ́n ń torí wọn ṣe é. Ẹni tó ti rẹ̀ ni yóò lò ó, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe é ti bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ti wà kí fóònù tó dé. Ní 1929, Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé Progressive Relaxation jáde, níbi tó ti kọ́ àwọn èèyàn láti máa dẹ iṣan ara lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn mú àṣàrò ẹ̀sìn Buddha wọ Yunifásítì Massachusetts, ó fi ń ran àwọn tí ara ríro kò fi sílẹ̀ lọ́wọ́. Andy Puddicombe, tó ti ṣe mọ́ńkì Buddha rí, àti Richard Pierson dá Headspace, iléeṣẹ́ áàpù ìtura, sílẹ̀ ní London ní 2010. Iléeṣẹ́ Calm tẹ̀ lé e ní 2012. Ní 2016, Calm bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn fún àwọn àgbàlagbà títí oorun á fi gbé wọn lọ.

Ojú-ewé mímí ni ọwọ́ oníṣẹ́ ti ń hàn jù. Òbìrìkìtì kan á wà láàárín fóònù. Á máa wú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, olùlò á fa èémí sínú. Á súnkì fún ìṣẹ́jú àáyá 5 mìíràn, olùlò á mí síta. Ìgbà 6 ni yóò mí láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ìgbà 12 sí 20 ni àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí. Bí èèyàn bá ń mí síta, lílù ọkàn rẹ̀ á falẹ̀ díẹ̀, ara tó le koko á sì máa rọ̀. Ó yẹ kí fóònù máa gbọ̀n jẹ́jẹ́ bí òbìrìkìtì náà ṣe ń wú, kí ẹni tí kọ̀ǹpútà ti ń tàn sí lójú láti àárọ̀ lè di ojú rẹ̀. Kò yẹ kí ojú-ewé yìí máa jẹ dátà íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí dátà lè tán lóru ìdánwò.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 yẹ áàpù ìlera ọpọlọ 93 wò. Ní èyí tó bọ́ sí àárín nínú wọn, nǹkan bí 3.3% àwọn tó gbà á sórí fóònù ló ṣì ń ṣí i ní ọjọ́ 30. Kò yani lẹ́nu. Áàpù tó kọ́kọ́ da ìbéèrè jọ síwájú ẹni tó rẹ̀, tó tún ń bá a wí nítorí ọjọ́ kan tó pa jẹ, ẹrù ló gbé lé e lórí.

Èyí kò ní kí áàpù má wúlò. Ní 2017, àwọn olùwádìí fún àwọn ọ̀dọ́ 70, ọmọ ọdún 18 sí 28, ní ọ̀sẹ̀ méjì: àwọn kan bá Woebot, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń fèsì lórí fóònù, sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìwé kà. Ìbànújẹ́ ọkàn dín kù lára àwọn tó bá Woebot sọ̀rọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ; ní ti àníyàn, ìhà méjèèjì ló rí ìtura.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló gbẹgẹ́ jù, pàápàá níbi tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti ń sanwó áàpù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ kọ sílẹ̀ pé ó ń dùn ún kò gbọ́dọ̀ dé etí ọ̀gá, kò sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn onípolówó. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí BetterHelp, iléeṣẹ́ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé ó fún Facebook àti àwọn mìíràn ní dátà àwọn tó wá ìmọ̀ràn. Òfin dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún yẹn kan náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà tó nílò ìdáàbòbò púpọ̀.

PTSD Coach, áàpù fún àwọn tí ìpayà ohun burúkú tí ojú wọn rí kò fi sílẹ̀, tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ní 2011, ṣì jẹ́ àwòkọ́ṣe rere. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní kí ẹnikẹ́ni forúkọ sílẹ̀, olùlò sì lè fi nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀ sínú rẹ̀, kó lè pè wọ́n bí ọ̀ràn bá kọjá agbára fóònù.