Òfin Láti Ọwọ́ Aráàlú: Ìtàn Ìbuwọ́lù àti Ìwé Ìdìbò ní Àwọn Ìlú Amẹ́ríkà

Bí wọ́n bá ń pìtàn bí ará Amẹ́ríkà ṣe gba ẹ̀tọ́ láti dá àbá òfin sílẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì dìbò lé e láìdúró de aṣòfin, ìpínlẹ̀ South Dakota ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí òun ló kọ́kọ́ kọ ẹ̀tọ́ náà sínú ìwé òfin rẹ̀ ní 1898. Oregon tẹ̀ lé e ní 1902, níbi tí agbẹjọ́rò kan, William U'Ren, ti fi ọdún bíi mẹ́wàá jà fún un. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn bẹ́ẹ̀ ń fi àwọn ìlú pamọ́ sẹ́yìn àwọn ìpínlẹ̀. Ní 1897, ọdún kan ṣáájú South Dakota, ni Nebraska ti ṣòfin tó yọ̀ǹda fún àwọn ìlú rẹ̀ láti gba ìlànà yìí. Ní 1898 kan náà, San Francisco fi í sínú ìwé òfin tuntun tí wọ́n kọ fún ìlú náà. Ní tèmi, ìlú gan-an ni ibùgbé ẹ̀tọ́ yìí. Agbára rẹ̀ kò sí nínú ọjọ́ ìdìbò bí kò ṣe nínú ohun tó ṣáájú rẹ̀: iye ìbuwọ́lù tí òfin béèrè, àsìkò tí wọ́n fún ẹni tó ń kó o jọ, àti ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti máa ń jẹ́ ohun tí apá mẹ̀kúnnù lè ká.

Ará Amẹ́ríkà kọ́ ló dá ọgbọ́n náà. Ní Switzerland, láti 1891, ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ènìyàn tó bá buwọ́ lùwé lè dábàá àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn. Ní 1977 ni wọ́n sọ iye náà di 100,000. Oníròyìn kan, J. W. Sullivan, lọ wo ìlànà àwọn ará Switzerland, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1892, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà kà dáadáa. Wọ́n ní ìdí. Ní California nígbà náà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Southern Pacific ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó ń darí ilé aṣòfin. Nínú àwọn ìlú ńlá, ọwọ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú ni àṣẹ wà láti fi iná, gáàsì àti ọkọ̀ èrò orí irin fún ẹni tó bá wù wọ́n. Dókítà oníṣègùn kan, John Randolph Haynes, tó dé Los Angeles ní 1887, ló ṣe òpò jù láti jẹ́ kí ìlú náà fi ẹ̀tọ́ àbá òfin, ẹ̀tọ́ láti dìbò fagi lé òfin, àti ẹ̀tọ́ láti pe aṣojú padà sínú ìwé òfin rẹ̀ ní 1903. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ìbò yọ ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú kan nípò. Ọdún 1911 ni California gbogbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlànà yìí lábẹ́ gómìnà Hiram Johnson, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn Los Angeles. Ìpínlẹ̀ ló kọ́ ọ lára ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìlú California tí kò ní ìwé òfin tirẹ̀, tó ń tẹ̀ lé òfin ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá ní àbá á kọ ọ̀rọ̀ òfin náà tán pátá, á sì gbé e lọ bá akọ̀wé ìlú pẹ̀lú owó tí kò gbọdọ̀ ju igba dọ́là lọ. Agbẹjọ́rò ìlú ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti fún àbá náà ní àkọlé àti àlàyé ṣókí tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹni tó dá àbá bá ti gba àkọlé àti àlàyé náà ni ọgọ́sàn-án ọjọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ìbuwọ́lù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ìlú náà jọ. Akọ̀wé á wá fi ìbuwọ́lù kọ̀ọ̀kan wé èyí tó wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀. Bí ìwé bá pọ̀, òfin gbà á láàyè láti ṣa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tàbí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá pọ̀ jù, kó sì fi ìyẹn mọ bí ìyókù ṣe rí. Bó bá pé, ìgbìmọ̀ ìlú lè sọ àbá náà di òfin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, tàbí kó gbé e síwájú àwọn olùdìbò. Ó lè béèrè ìròyìn lórí ipa tí yóò ní lára ìlú, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ìròyìn náà ní. Ìgbìmọ̀ kò lè ju àbá náà sínú dúrọ́ọ̀. Òfin tí àwọn olùdìbò bá sì fọwọ́ sí báyìí, ìgbìmọ̀ kò lè dá fagi lé e. Àfi kí wọ́n padà lọ bá olùdìbò, bí òfin náà fúnra rẹ̀ kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ìdáàbòbò ìkẹyìn yìí, tí àwọn òǹkọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, ló mú kí ìbuwọ́lù ní ìwúwo.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí àwọn alátakò fi ń kàn án ni owó. Wọ́n ní ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gba ìlú lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ti di ohun èlò fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rí wà. Ní 1988, nínú ẹjọ́ Meyer àti Grant, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a pé Colorado kò lè fi òfin de sísan owó fún àwọn tó ń kó ìbuwọ́lù jọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni iṣẹ́ náà, ìwé òfin sì dáàbò bo ọ̀rọ̀ òṣèlú. Nítorí náà, ẹni tó lówó lè ra ìbuwọ́lù. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Inglewood, ìlú aláwọ̀ dúdú àti Látìnò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles, ló yẹ ká fi dáhùn. Ìgbìmọ̀ ìlú tako kíkọ́ ilé ìtajà Walmart ńlá kan síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà bá kó ìbuwọ́lù jọ, ó sì gbé àbá ojú ìwé mọ́kànléláàádọ́rin kalẹ̀, èyí tí ì bá jẹ́ kí wọ́n kọ́lé láìgba àyẹ̀wò àyíká àti láìpe ìpàdé aráàlú. Ní oṣù Kẹrin 2004, nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní rárá. Ní San Francisco ní 2019, àbá tí ilé-iṣẹ́ sìgá oníná Juul náwó lé fìdí rẹmi gan-an, ó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tó kọ̀ ọ́. Owó lè ra ìbuwọ́lù. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ, tí wọ́n sì mọ ẹni tí yóò jẹ níbẹ̀, ríra ìbò ṣòro ju bí àwọn alátakò ṣe rò lọ.

Ẹ̀sùn kejì le jù ìyẹn, èmi kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn: ọ̀pọ̀ lè fi ìbò tẹ ìwọ̀nba mọ́lẹ̀. Ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin ní 1964 pé kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ ṣẹ́ ẹlòmíràn nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbà. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ kó ìbuwọ́lù tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò lọ jọ, wọ́n sì borí: ìwé òfin ìlú yí padà, ó wá di pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ múlẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn olùdìbò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Òfin mìíràn nípa ilẹ̀ àti ilé kò ní irú ìdíwọ́ yẹn. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fagi lé àtúnṣe náà ní 1969, pé ó gbé ẹrù lé ẹ̀yà kan lórí nìkan. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìbuwọ́lù tó láìsí adájọ́ tó ní òmìnira, ó ń ṣì wá lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ìgbìmọ̀ àti ilé aṣòfin, láìsí ìbuwọ́lù kankan, ni wọ́n fi ọdún gbọọrọ kọ òfin ìyàsọ́tọ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ní Amẹ́ríkà. Adájọ́ ni gbogbo wọn nílò. Ẹ̀sùn yìí kò mú àbá aráàlú nìkan.

Bí a bá fi èyí wé tiwa, ní Nàìjíríà, ìwé òfin 1999 kò fún aráàlú ní ọ̀nà láti fi ìbuwọ́lù gbé àbá òfin kalẹ̀, yálà ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ní ìpínlẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni pípe aṣòfin padà ní abala 69 àti 110, tó béèrè ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà. Ìdajì, níbi tí California ti béèrè ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún àbá ìlú! A mọ̀ pé yíyọ ènìyàn nípò yẹ kó le ju àbá òfin lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kó le tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogi, ẹkùn tí Yorùbá Okun pọ̀ sí, wọ́n gbé ìwé kan jáde láti pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà, tó ní orúkọ 189,870 nínú 351,146 tó forúkọ sílẹ̀. Níbẹ̀, fífi ìbuwọ́lù wéra nínú ọ́fíìsì nìkan kò tó. Àwọn tó buwọ́ lùwé gbọ́dọ̀ jáde fúnra wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń dìbò. Nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kẹrin 2018, 18,742 ló rí fìdí múlẹ̀, ìyẹn ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yẹn kò ní tó fún àbá òfin lásán ní ìlú kan ní California. Yálà àwọn orúkọ náà kì í ṣe òótọ́ ni o, tàbí àwọn tó ni wọ́n kò rí àyè jáde, kò sí ẹni tó lè fi ìlànà yẹn dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Títí di òní, kò tíì sí aṣòfin kan ní Àbújá tí wọ́n fi abala 69 pè padà sílé.