Táí Ṣólàrín: Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ó Ti Ogun Bọ̀

Nígbà tí àwọn bàbá wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ọmọ, ọwọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n ti ń bá a: Abeokuta Grammar School ní 1908, Baptist Boys' High School ní 1923. Ní 1923 yìí kan náà ni àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń wọlé bíi Músá tó ń jáde bíi Moses.

Ìdí nìyí tí ìtàn Táí Ṣólàrín fi kàn wá, bí kò tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, tí kò sì gbà pé Ọlọ́run wà. Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ni a bí i sí ní 1922. Ó kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Yunifásítì Manchester.

Ní 1952 ó di ọ̀gá Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 1956. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé, ó ń roko, ó sì ń bá wọn kọ́lé. Wọn kì í fi ipá mú ọmọ wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní ìrun.

Ìjọba ológun tì í mọ́lé ní 1984 nítorí ohun tó ń sọ. Ní 1989 ó di alága àkọ́kọ́ fún People's Bank, báńkì tí a dá sílẹ̀ láti yá tálákà lówó. Ó kú ní 1994.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí a yin ẹni tí kò kírun? Òdodo ni Allah pa láṣẹ fún wa, àní fún ẹni tí a kò jọ ṣe ẹ̀sìn. Níbi tí ó ti kọ Ẹlẹ́dàá sílẹ̀, a kò bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó yẹ kó kọ́ ọmọ Mùsùlùmí ní iṣẹ́ ọwọ́? Ànábì wa (s.a.w.) da ẹran, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún bàtà rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ilé-kéwú wa, ọmọ tó bá ṣẹ̀ ni à ń ní kó lọ roko; ọkọ́ ti di ohun ìyà. Ní Mayflower, ẹ̀kọ́ ni ọkọ́ jẹ́. Àwa tí a ń kọ́ kéwú ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ bá wí.

Ẹ̀yin òbí, ilé-ẹ̀kọ́ yòówù tí ọmọ lè lọ, ẹ̀sìn rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún olùkọ́ ìwé. Kí Allah fi ìmọ̀ àti iṣẹ́ jíǹkí àwọn ọmọ wa. Àmín.