Ohun Tí Páànù Bò Mọ́lẹ̀ Lórí Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn láàrin àwa ọ̀dọ́ báyìí ni ti àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́. Àwọn kan ní kí á wó wọn, torí etí òrùlé wọn ti ń já bọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn, ìtàn ni mo sì máa fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Kí páànù tó dé, ewé tàbí koríko la fi ń bo ilé. Àní ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa kó koríko wá fún bíbo ààfin, ibẹ̀ ni ọdún Bẹẹrẹ ti wá. Koríko kì í pẹ́. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí i láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ojú á tó gbogbo igi abẹ́ rẹ̀, èyí tí ikán bá ti jẹ, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àtúnṣe ńlá o, ara iṣẹ́ ìbolé ni.

Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba bọ̀, àtàwọn Sàró, ló mú irú ilé mìíràn wọ Èkó láàrin àwọn ọdún 1800. Káfíńtà àti bíríkìlà gidi wà nínú wọn. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó wá rọrùn láti kó páànù wọ òkè, owó kòkó sì gbé pẹ́tẹ́ẹ̀sì dé àwọn ìlú kéékèèké. Àmọ́ páànù tá a fi ń yangàn yìí náà ló mú wa gbàgbé òkè ilé. Àádọ́ta ọdún lè kọjá kí ẹnì kan má gun òkè lọ wo igi.

Orí igi tó jókòó sórí ògiri tó sì yọ síta ni ìyà máa ń jẹ jù. Òjò ń ta sí i, ògiri amọ̀ ń fún un ní ọ̀rinrin, ikán sì ń gba ara ògiri gòkè. Ká tiẹ̀ ní ìrókò ni, inú igi tó pọ́n yẹn nìkan ló lè bá ikán jà, apá tó funfun lẹ́bàá èèpo ò lágbára kankan. Ìdí nìyẹn tí orí igi fi lè di lẹ́búlẹ́bú kí ìyókù ṣì le koko.

Ṣé ẹ rí i, orí nìkan ló bàjẹ́! Káfíńtà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi òpó ti òrùlé, á fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún igi títí á fi kan ibi tó le. Á gé èyí tó jẹrà kúrò, á fi igi líle tuntun gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wọnú dáadáa kọjá ibi tó gé, á wá fi bọ́ọ̀tì dè wọ́n pọ̀. Ìṣó lásán ò tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é. Wọn ò gbọdọ̀ fi sìmẹ́ńtì sin orí tuntun náà mọ́ ògiri, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Tí wọn ò bá sì dí páànù tó ń jò, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Ẹ rántí Ilojo Bar l'Ékòó. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Inú fọ́tò la ti ń wò ó báyìí.

Àwa ọ̀dọ́ fẹ́ yẹ etí òrùlé àwọn ilé wa wò kí òjò tó dé. Ẹbí tó bá ní àkàbà gígùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa.