Àjàyí ní Àgbádárìgì: Ọmọ Ẹrú Tó Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ìtàn Rẹ̀

Láyé ọjọ́un létí òkun Àgbádárìgì àti Èkó, ètò tó lọ́jà, tó ní alágbàtà, tó sì ní ilé àtìmọ́lé ni òwò ẹrú. Ọmọdé pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó bọ́ ló kọ ohun tójú wọn rí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther.

Lọ́dún 1821, wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ogun wọ Òṣogùn, ìlú Àjàyí. Àjàyí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 13 lọ. Wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìsẹ́yìn sì ni wọ́n ti pín wọn níyà. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà bí ọjà. Láti ọwọ́ kan dé òmíràn, ó bọ́ sọ́wọ́ obìnrin kan tó ń lọ sí apá etí òkun. Ẹ̀rù pé wọn yóò ta òun fún òyìnbó mú kí oúnjẹ kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lọ́pọ̀ òru, ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àmọ́ àyà rẹ̀ kò gbà á. Nígbà tó dé Èkó, wọ́n so ọmọdé àti àgbà lọ́rùn mọ́ ẹ̀wọ̀n kan náà. Bí inú bá bí àgbà kan tó fa ẹ̀wọ̀n, ọrùn ọmọdé ló ń bó.

Ní oṣù Kẹrin 1822, wọ́n kó ẹrú 187 sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, gbà wọ́n sílẹ̀. Síbẹ̀ ìbẹ̀rù kò kúrò. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ nínú ọkọ̀, ẹran ènìyàn ni àwọn ọmọ náà pè é; ọta àgbá tí wọ́n kó jọ, orí ènìyàn ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Ara ti bọ́ lóko ẹrú, ọkàn ṣì wà níbẹ̀.

Sàró (Sierra Leone) ni ọkàn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ síléèwé, Àjàyí tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ kan, ó sì fi ra ìwé a-b-d tirẹ̀. Àwọn Yorùbá ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Akù, ń sọ èdè rẹ̀, wọ́n sì mọ irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Asano tó fi ṣaya náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 1837, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí ogun kó o, ó kọ gbogbo rẹ̀ sí lẹ́tà fún William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. Kò fi ti òru tó fẹ́ pa ara rẹ̀ pa mọ́.

Lọ́dún 1839, àwọn Akù kan kọ̀wé sí gómìnà Sàró pé àwọn fẹ́ padà sílé gba Àgbádárìgì. Crowther, tó ti di míṣọ́nnárì CMS, pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1845. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó gba àwọn Sàró tọwọ́tẹsẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ọ̀nà Abẹ́òkúta, ibi tí wọ́n ń lọ, dí, wọ́n sì jókòó sí Àgbádárìgì ju ọdún kan lọ. Òwò ẹrú kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Oṣù Kẹjọ 1846 ni wọ́n tó dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Àfàlá wọlé tọ ọmọ rẹ̀ wá. Ó ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀. Omijé ló ṣáájú.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Àjàyí ti rí ilé àti ẹbí tuntun, àti àwọn tó ń sọ èdè rẹ̀, kó tó la ẹnu. Òye yìí, pé ẹni tó jìyà nílò alátìlẹ́yìn kó tó lè sọ̀rọ̀, náà ló wà lẹ́yìn Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, àti ibùdó Mirabel tí wọ́n ṣí ní Ìkẹjà ní 2013, níbi tí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ti ń rí dókítà àti olùgbaninímọ̀ràn lábẹ́ òrùlé kan náà. Nínú ẹrú 187 inú ọkọ̀ náà, ti ẹni tó rí irú alátìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ la gbọ́ dáadáa.