Ìlú Tí Wọ́n Ti Yẹ Tọmọdé Tàgbà Wò

Ìtàn ìlú kékeré kan nílẹ̀ Ítálì ni mo mú wá lónìí. Vo' lorúkọ rẹ̀, kò jìnnà sí Padova. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 3,300 lọ.

Ní 21 oṣù kejì ọdún 2020, bàbá arúgbó kan tó ń gbé ní ìlú yìí kú. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí Kòrónà pa ní Ítálì. Ìjọba bá ti ìlú náà pa fún ọjọ́ 14: kò sẹ́ni tó ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń jáde. Àwọn oníṣègùn ò sì dúró de ẹni tó ń wúkọ́. Gbogbo ìlú ni wọ́n pè, aláìsàn àti ẹni tára rẹ̀ le, wọ́n fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ gba omi nínú imú wọn lọ fún àyẹ̀wò.

Èèyàn 2,812 ló jáde. Wọ́n bá kòkòrò àrùn náà lára 73, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílé. Nígbà tí ọjọ́ 14 pé, wọ́n tún yẹ èèyàn 2,343 wò. Lọ́tẹ̀ yìí, 29 ni, 8 péré nínú wọn ló sì jẹ́ ẹni tuntun.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ya èèyàn lẹ́nu: nínú gbogbo àwọn tó ní in, ó lé ní 40 nínú 100 tí kò ní ibà, tí kò wúkọ́ rárá. Síbẹ̀, kòkòrò tó wà lára wọn kò kéré sí ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Àyẹ̀wò nìkan kọ́ ló ṣe é o. Ìlú kékeré ni, ó wà ní títì, àwọn tí wọ́n bá a lára wọn sì jókòó sílé. Àyẹ̀wò kì í ṣe oògùn. Ó kàn ń fi ibi tí àrùn sá pamọ́ sí hàn ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, Tógò rí aláìsàn Kòrónà àkọ́kọ́ ní 6 oṣù kẹta ọdún yẹn, Benin rí tirẹ̀ ní 16. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sọ pé, "Ara mi yá, kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò?" Ṣé ẹ wá rí ìdáhùn báyìí? Bí àrùn mìíràn bá tún dé, tí wọ́n ní ká wá fún àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ ká jáde. Ẹni tí wọ́n bá sì bá a lára rẹ̀, kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹ má sá fún un bí ẹni sá fún ẹjọ́; ẹ gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó lè rójú jókòó sílé.