Ta Ni Yóò Jó Lálẹ́ Yìí?

Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹni tí ijó ballet ti wọ̀ lẹ́wù mọ̀, ìbéèrè ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ fetí sí. Ẹni tí ó kàn wá wòran yóò béèrè irú ijó tí wọ́n fẹ́ jó. Ògbólógbòó òǹwòran ti mọ ijó náà; bóyá ó ti wò ó ní ogún ìgbà. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé, 'Ta ni yóò jó o lálẹ́ yìí?' Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà tí ó rí i pé wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò orúkọ tí ó tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ a fà ro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka irú ìwà yìí sí àṣejù. Èrò tèmi ni pé orí ìbéèrè yìí gan-an ni ìtàn ijó ballet dúró lé.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Orin tí ènìyàn bá kọ sílẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè ṣí ìwé náà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó sì fi dùùrù lù ú. Ti ijó kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀nà kan wà láti fi àmì kọ ijó sílẹ̀: Stepanov ṣe ọ̀kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní àwọn ọdún 1890, tọkọtaya Benesh sì ṣe òmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1950. Síbẹ̀, láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn ni ijó ń gbà rìn. Àgbà oníjó ni í dúró níwájú ọ̀dọ́, tí í máa wí pé, 'Báyìí ni kí o gbé apá.' Ẹni tí ó bá sì ń to ijó tuntun kì í tò ó sínú afẹ́fẹ́. Bí télọ̀ ti í wọn ènìyàn kí ó tó gé aṣọ ni ó ṣe ń wo oníjó tí ó dúró níwájú rẹ̀: bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ wà, ohun tí ojú rẹ̀ lè sọ. Ẹlòmíràn lè wọ aṣọ náà níkẹyìn, ó tilẹ̀ lè yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìyáàlù kan náà láti ọwọ́ ọmọ Àyàn méjì.

Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti fún irú àwọn olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ: balletomane, ìyẹn ẹni tí ìfẹ́ ballet ti gba orí rẹ̀. Nígbà tí Marie Taglioni ń jó ní St. Petersburg láàrin ọdún 1837 sí 1842, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n sọ ọ́ di òrìṣà. Ìtàn kan tilẹ̀ wà pé nígbà tí ó ń lọ, àwọn kan ra bàtà ijó rẹ̀, wọ́n sè é, wọ́n sì fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́. N kò lè búra sí ìtàn bàtà jíjẹ. Ṣùgbọ́n láàrin irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni Sergei Khudekov ti jáde, oníwé-ìròyìn tí ó bá Marius Petipa kọ ìtàn tí wọ́n fi ṣe La Bayadère ní ọdún 1877, tí ó sì kọ ìwé ńlá lórí ìtàn ijó nígbà tí ó dàgbà.

Kì í ṣe àwọn òǹwòran nìkan ni ọ̀rọ̀ orúkọ ń jẹ lọ́kàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje, ọdún 1845, Benjamin Lumley, ọ̀gá gbọ̀ngàn Her Majesty's Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ìlú-mọ̀-ọ́n-ká mẹ́rin pọ̀ sínú ijó kan ṣoṣo, Pas de Quatre, tí Jules Perrot tò. Taglioni, Carlotta Grisi, Fanny Cerrito àti Lucile Grahn ni wọ́n, olúkúlùkù sì ni ó ní àwọn tí ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Ẹni tí ó bá jó kẹ́yìn ni ó ní iyì jù. Wọ́n gbà á fún Taglioni, ṣùgbọ́n Cerrito àti Grisi kò gbà fún ara wọn lórí ẹni tí yóò ṣáájú rẹ̀. Lumley sọ ọ́ nínú ìwé tí ó kọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun ní kí ẹni tí ó dàgbà jù gba ipò náà. Kíá ni ìjà parí. Kò sí ẹni tí ó tún ń sáré sí ipò iyì mọ́. Ìgbà mẹ́rin péré ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jó o ní ọdún náà. Nígbà tí wọ́n tún un jó ní ọdún 1847, Grahn kò sí níbẹ̀. Carolina Rosati ni ó gba ipò rẹ̀.

Ẹ̀rín ni ti Lumley. Èyí tí kò pa ni lẹ́rìn-ín ni ti Romeo and Juliet tí Kenneth MacMillan tò fún ẹgbẹ́ Royal Ballet ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ní ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Lynn Seymour, tí a bí ní Kánádà, àti Christopher Gable ni MacMillan ní lọ́kàn. Fún àwọn méjèèjì ni ó kọ́kọ́ to ìran bákónì, níbi tí àwọn olólùfẹ́ náà ti pàdé lóru, fún tẹlifíṣọ̀n Kánádà ní ọdún 1964. Lára wọn náà ni ó tún ti tọ́ ijó náà dàgbà. Juliet tí ó ń wá kì í ṣe ọmọlúwàbí ọmọge tí ń sunkún. Ọmọbìnrin tí ó lè pinnu fúnra rẹ̀ ni. Ibì kan wà tí ó kàn jókòó sí etí ibùsùn, tí kò mira, tí orin Prokofiev sì ń ru sókè yí i ká. Aṣètò ijó kì í sọ fún oníjó pé kí ó má jó, àfi bí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, àwọn aláṣẹ Covent Garden ní Margot Fonteyn àti Rudolf Nureyev ni yóò jó o ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà ń múra àtilọ sí Amẹ́ríkà. Sol Hurok tí ń ṣètò ìrìnàjò náà sì mọ orúkọ tí àwọn ará New York yóò sanwó lé lórí.

Àwọn kan a máa fi ọjọ́ orí Fonteyn dá a lẹ́bi, nítorí ẹni ọdún 45 ni, Seymour sì jẹ́ 25. N kò bá wọn lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ Bolshoi kọ́kọ́ wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹwàá ọdún 1956, ìta gbangba ni àwọn ènìyàn sùn sí kí wọ́n lè rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà. Galina Ulanova ni ó jó Juliet fún wọn. Ẹni ọdún 46 ni. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ orí. Ògbóǹtarìgì ni Fonteyn, ṣùgbọ́n Juliet ti ara rẹ̀ ni ó jó, kì í ṣe èyí tí MacMillan wọ̀n.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì, ọdún 1965, àwọn òǹwòran pè wọ́n padà sí ìtàgé ní ìgbà 43. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi pàtẹ́wọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn. Láti ọdún 1962, tí Fonteyn àti Nureyev ti jùmọ̀ jó Giselle, ni wọ́n ti ń tò sí orí ìlà nítorí wọn. Owó wọn ni ó fún Hurok lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìfẹ́ orúkọ ni ó gba alẹ́ yẹn lọ́wọ́ Seymour àti Gable.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Ìwé ètò alẹ́ àkọ́kọ́ kò sọ ọ́. Fíìmù tí Paul Czinner ṣe ní ọdún 1966 kò sọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí Fonteyn àti Nureyev náà ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ẹ̀rí méjì yìí nìkan ni a ní, ta ni kò ní búra pé àwọn ni wọ́n to ijó náà fún? Àwọn tí wọ́n padà wá ní alẹ́ mìíràn, tí wọ́n tún owó san láti wo Seymour àti Gable, ni wọ́n rí i bí aṣọ ti bá ara mu. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì ń fi í jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi di ohun tí gbogbo ẹni tí ń kọ ìtàn ijó mọ̀.

MacMillan kó lọ sí Berlin ní ọdún 1966, Seymour sì bá a lọ. Gable fi ijó sílẹ̀ ní ọdún 1967, ó di òṣèré. Nígbà tí MacMillan to Mayerling fún ẹgbẹ́ kan náà, Seymour ni ó to ipa Mary Vetsera fún. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ọdún 1978, tí aṣọ ìtàgé ká sókè ní alẹ́ àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó pé ọmọ ọdún 39.